Ẹ̀rọ ìwádìí ń kú n'Ìbàdàn, ẹni tó máa tọ́jú wọn ni a kò kọ́

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìlú wo ló ní ilé ìwádìí tó ti Ìbàdàn nílẹ̀ Yorùbá? Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1948, ilé ìwòsàn UCH láti 1957, IITA, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, láti 1967. FRIN, ti igbó, wà ní Jẹ́ríkò, NIHORT, ti èso àti ẹ̀fọ́, ní Ìdí-Iṣin, IAR&T, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Moor Plantation, ti kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́. Síbẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìwádìí láàárín wa ṣì ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ránṣẹ́ sí Èkó tàbí òkè òkun. Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀rọ rárá. Ọ̀pọ̀ ló wà nílẹ̀ tó ti kú.

Ohun tó ń pa wọ́n kò fara sin. Ẹ mú fíríìsà tó ń tutù dé −80°C. Bí wọ́n bá tì í mọ́ ògiri nínú yàrá tó ń gbóná, tí eruku dí asẹ́ rẹ̀, tí iná ń fò sókè tó tún ń rẹ̀ wálẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kò ní í pẹ́ jó. Ẹ̀jẹ̀ àti DNA tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọdún púpọ̀ á yọ́ mọ́jú. Ohun tí ì bá gbà á ni sítábíláísà, àlàfo lẹ́yìn rẹ̀, asẹ́ tí a ń fọ̀ lóṣooṣù, àti ìwé tí a ń kọ òtútù rẹ̀ sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Autoclave, ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò àrùn lára ohun èlò, ńkọ́? 121°C fún ìṣẹ́jú 15 ni kòkòrò fi ń kú nínú rẹ̀. Omi bọ́ọ̀hólù tí wọ́n ń dà sí i dípò omi distilled (omi tí a sè, tí a gba ooru rẹ̀ padà) ló ń fi ìpẹ́pẹ́ funfun bo irin tó ń gbé iná, títí irin náà á fi jó. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ tó bá sán, ooru á máa jò, èèyàn á sì rò pé ohun èlò òun ti mọ́.

Ẹni tó yẹ kó mọ gbogbo èyí ni tẹkiníṣíàn, òun náà ni a kò kọ́. A rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí wọ́n bá Poli Ìbàdàn àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ṣètò ẹ̀kọ́ ọdún kan lórí ìtọ́jú ẹ̀rọ láábù. Kí wọ́n pe àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wá síbẹ̀. Wọ́n ti mọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Nínú ₦100 tí a fi ra ẹ̀rọ, kí ₦10 máa wà nílẹ̀ lọ́dọọdún fún rọ́bà, fíúùsì àti irin agbéná. Kí àwọn ilé ìwádìí sì jọ máa lo ẹ̀rọ olówó gọbọi lábẹ́ òrùlé kan, kí oníkálukú má máa ra tirẹ̀ kó bàjẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọwọ́ ti ń mọ iṣẹ́. Ẹ mú titration, níbi tí a ti ń wọn iye acid tó máa bá omi sodium carbonate dọ́gba. Gíráàmù 5.3 sodium carbonate tí kò lómi nínú, tí a fi omi distilled pò títí ó fi pé lítà kan, tó akẹ́kọ̀ọ́ 35 láti fa 25 cm³ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Acid inú burette (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn acid) jẹ́ hydrochloric 0.1 mol/dm³, tí iṣẹ́ bá dára, nǹkan bí 25 cm³ ni yóò lọ kí methyl orange, àwọ̀ tó ń fi òpin iṣẹ́ hàn, tó kúrò ní yẹ́lò. Kí wọ́n kọ́kọ́ lé atẹ́gùn tó há sí ẹnu ìsàlẹ̀ burette jáde, òun ló ń ba nọ́ńbà jẹ́ jù. SS1 ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣe èyí, kì í ṣe ìgbà tí WAEC bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwa òṣìṣẹ́ láábù,
Ìbàdàn