Màámi, Mi Ò Fojú Kan Owó Náà Rí

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àmójútó ilé. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa ti ṣọ́ọ̀bù.

Dàpọ̀ ní ẹ ń sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín pé èmi ni mò ń tọ́jú owó ilé-iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni, àmọ́ mi ò fojú kan owó náà rí. Nọ́ńbà lásán ni, lórí kọ̀ǹpútà. Tí mo bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, màá wo iye tó sùn sí àkáǹtì wa ní báńkì kọ̀ọ̀kan, iye tó ń bọ̀ lónìí, àti iye tó gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, a ó fi sùn síbi tó ti máa bí èlé kílẹ̀ tó mọ́. Báńkì márùn-ún la pín in sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn, lọ́dún tí alájọ kówó sá lọ. Ní March 2023 tí Silicon Valley Bank dojú dé ní Amẹ́ríkà, báńkì HSBC ra ẹ̀ka rẹ̀ tó wà níbí ní pọ́n-ùn kan. Pọ́n-ùn kan, Màámi!

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní November. Owó dọ́là ẹni tó ń ta irin fún wa ní Amẹ́ríkà pé lọ́jọ́bọ̀ kan. Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i (ẹni tó bá tẹ owó níbí kọ́ ló ń fọwọ́ sí i), ọkàn mi balẹ̀. Owó ò lọ. Ọjọ́ Thanksgiving, ọjọ́ ìsinmi ìdúpẹ́ wọn, ni, gbogbo báńkì wọn tì pa. Ọjọ́ Ẹtì ló tó dé ọwọ́ wọn, wọ́n sì ti dá ẹrù wa dúró. Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó kàn ṣí kàlẹ́ńdà lójú kọ̀ǹpútà mi, ó fìka tọ́ ọjọ́ náà, ó lọ po tíì. Ó dùn mí ju èébú lọ. Èmi ọmọ ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣi ọjọ́ ọjà kà, àìsàn ì báà dá yín dùbúlẹ̀!

Ní ti owó òrùlé tí ẹ ní kí n san fún káfíńtà, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Owó olówó ló ń gba iwájú mi kọjá. Tèmi ti máa ń gbẹ kó tó di ogúnjọ́ oṣù. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń sanwó fún wa.

Àmọ́ nọ́ńbà àkáǹtì káfíńtà tí Dàpọ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lánàá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti pààrọ̀ àkáǹtì, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ la máa fi pè é ká tó san kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rí káfíńtà náà fúnra yín, kó ka nọ́ńbà ọ̀hún sí yín létí. Kí ẹ wá pè mí lálẹ́ Sátidé, màá wà nílé.

Àdùkẹ́ yín