Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Erùpẹ̀ Wò Ká Tó Gbin Oúnjẹ Ẹran Ìgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ilẹ̀ tí a fẹ́ gbin ẹ̀wà àti òtílí sí fún ẹtu àti ọ̀yà, irúgbìn kankan ò ní kàn án títí èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ yóò fi jáde. Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, ẹ jẹ́ ká pàdé ní Nọ́ọ̀tì Géètì FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́), ibẹ̀ la ó ti gba oko lọ.

Ẹ mú ọkọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke àti náílọ́ọ̀nù mímọ́ dání. Garawa onírin ò dára, ó lè ba èsì jẹ́. Ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ó ti bu erùpẹ̀, kó jìn tó 15 sẹ̀ǹtímítà; a ó pò ó pọ̀, a ó sá a sí ibòji, ààbọ̀ kílò péré la ó fi ránṣẹ́. Ẹ yẹra fún ìdí ọ̀gán àti ibi tí wọ́n ti dáná sun pàǹtí, torí eérú máa ń bo àṣírí ilẹ̀ tó kan, ìyẹn ilẹ̀ tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀ jù.

Bí pH (ìwọ̀n kíkan ilẹ̀; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó) bá wà lábẹ́ 5.5, ẹ̀wà ò ní ṣe dáadáa, àfi ká da láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tó ń dín kíkan ilẹ̀ kù, sí i. Oṣù díẹ̀ ni láìmù sì ń gbà kó tó ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kán yín lójú kí òjò tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajílẹ̀ nìkan ti tó, ẹ jọ̀ọ́, púpọ̀ rẹ̀ ló ń ṣòfò lórí ilẹ̀ tó kan.

Ẹni tó bá ń bọ̀, kó fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Àkúrẹ́