Ẹ Bá Wa Kọ Àkókò Ọkọ̀ Sára Ògiri Ìdíkọ̀ Rélùwéè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo kọ ìwé yìí láti Iléṣà, ìlú tí ojú irin kò dé rí, nípa ìdíkọ̀ rélùwéè kékeré kan tí mo lọ ní oṣù tó kọjá ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkìrun, lọ́nà Ọ̀fà.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Iléṣà ló ti ń di aṣọ rẹ̀, yóò wọ mọ́tò dé Òṣogbo, níbi tí ojú irin ti dé láti ọdún 1907, yóò wọ rélùwéè níbẹ̀, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn abúlé ojú irin láti ta aṣọ láwìn, kí ó tó tún padà lọ lóṣòó ti àwọn oníbàárà rẹ̀ gba owó. Orúkọ abúlé yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi pa ipò dà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n lọ wọ ọkọ̀ níbẹ̀ dé Ìlọrin, bí ọkọ̀ bá wà.

Aago 8 àárọ̀ ni mo débẹ̀. Ilé náà ṣì dúró, ògiri rẹ̀ nípọn, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kéré débi pé ọwọ́ kan ló lè gbà á kọjá, pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ kòtò, ó ń dán, nítorí ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ti fi ara nù ún. Mo gbé ọwọ́ tèmi lé e, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ọ̀gá ìdíkọ̀, kò sí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá méjì ló sá èlùbọ́ sórí pèpéle sìmẹ́ńtì tí èrò ti máa ń dúró de ọkọ̀, wọ́n sì ti gbá gbogbo àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo bi wọ́n léèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa ń kọjá. Èyí àgbà dá mi lóhùn pé, "Bàbá, tí ilẹ̀ bá ń mì, ẹ óò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bóyá yóò dúró, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa." Wọ́n gbé àpótí fún mi jókòó. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ ẹrù kan kọjá, wọ́n sì ti sáré kó àwọn ọmọdé kúrò lójú irin kí ó tó dé. Nígbà tó di aago 3, mo gun ọ̀kadà padà sí Ìkìrun.

Olóòtú, n kò bínú pé kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Abúlé kékeré kò lè ní ọ̀gá ìdíkọ̀ tirẹ̀, a sì mọ iye akitiyan tó bá ojú irin tuntun lọ, èyí tó fi kìlómítà 157 so Èkó mọ́ Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ kan lára ògiri náà tó lè sọ fún àlejò bóyá ọkọ̀ èrò ṣì ń dúró, ọjọ́ tó ń kọjá, àti nọ́mbà tí èèyàn lè pè. Níbi tí a bá ti kó òṣìṣẹ́ kúrò, àkọlé ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè dípò rẹ̀.

Mo bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí wọ́n kan pátákó kan síbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, ní lẹ́tà gàdàgbà. Bí ọkọ̀ èrò kò bá dúró níbẹ̀ mọ́, kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọkọ̀ ṣì ń gba ojú irin náà, nítorí àwọn ọmọ tó ń ṣeré lórí rẹ̀. Kí wọ́n má sì lé àwọn ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn o. Bí kì í bá ṣe ti ìgbálẹ̀ wọn, igbó ì bá ti bo ilé náà.

Nígbà tí mo ń lọ, ìyá àgbà náà ní kí n kọ nọ́mbà mi sílẹ̀, pé bí òun bá gbọ́ pé ọkọ̀ èrò yóò dúró, òun yóò pè mí. Mo kọ ọ́ sára páálí, ó sì ki páálí náà bọ etí ìró rẹ̀. Kò tíì pè.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Iléṣà.