Ẹ Má Kàn Fọwọ́ Sí Ìwé SIWES Lásán

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn olùkọ́ yunifásítì wa létí. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́ kí wọ́n tó gboyè. Ohun tí mo sábà ń rí ni pé olùkọ́ tó wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò yóò ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an. Ìgbà yẹn ló yẹ kó jókòó ti ọmọ náà, kó bi í pé: "Èwo nínú iṣẹ́ ibí ló wù ọ́? Èwo ló sú ọ?" Bí ọmọ bá kọ ọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́rin léraléra pé fọ́tòkọ́pì nìkan lòun ń ṣe, ṣé kò yẹ kí olùkọ́ bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn wọn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ka èdè àti ìtàn, tí SIWES kì í sábà kàn, ló ń ká mi lára jù. Ẹni tó kàwé Yorùbá lè ṣe ògbufọ̀, ó lè ka ìròyìn lórí rédíò, ó lè bá iléeṣẹ́ atẹ̀wé ṣiṣẹ́, àmọ́ ta ló ń sọ fún un kó tó di àgùnbánirọ̀? Kí àwọn olórí ẹ̀ka pe àwọn tó ti gboyè níbẹ̀ padà, ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù, kí wọ́n wá ṣàlàyé fáwọn ọmọ ọdún kejì bí wọ́n ṣe ríṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Ìbàdàn.