Owó orí ló lé wọn dé, kì í ṣe ojúkòkòrò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ní agbègbè Yewa àti Ìmẹ̀kọ, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti pe àwọn ará Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Yorùbá láti ilẹ̀ Benin, tó wà láàárín wa ní àjèjì tó tẹ̀lé owó kòkó wọlé. Ó ní kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wá. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ohun tó ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn ni òǹkọ̀wé náà kò bojú wò, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fún mi láyè láti sọ.

N kò ní í pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ààlà. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris tí wọ́n fa ìlà sórí ìwé. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé; Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti Ìwóyè, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Alákétu bákan náà, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá tilẹ̀ jókòó lórí ìlà gan-an, apá kan níhìn-ín, apá kan lọ́hùn-ún. Ahoro ni Kétu fúnra rẹ̀ nígbà náà, nítorí ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ ọ ní 1886, wọ́n sì ti kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún ìlú tẹ̀ dó, ní 1894. Ọdún 5 péré lẹ́yìn náà, owó orí dé.

Ẹ má fi owó orí Faransé wé èyí tí àwọn bàbá wa san níhìn-ín. Níhìn-ín, bí ẹ bá yọ Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú sẹ́yìn, ọkùnrin ni wọ́n ń kà. Lọ́hùn-ún, baálé ilé san ti ara rẹ̀, ó san ti ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ó san ti ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, ó tún san ti ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀. Ilé tó kún fún èèyàn, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń mọ ọlọ́lá tẹ́lẹ̀, di ilé gbèsè. Owó Faransé ni wọ́n sì ń béèrè, kì í ṣe iṣu, wọn kì í bèèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dún náà. Ní Pọbẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́ tí ọ̀pẹ pọ̀ sí, èèyàn lè ta epo àti èkùrọ́. Ní Kétu lọ sókè, níbi tí omi mímu gan-an ti ṣòroó rí, kí ni wọ́n fẹ́ tà?

Ìjọba kì í rán òyìnbó kiri ojúlé. Olóyè ni wọ́n fi ṣe agbowó, wọ́n sì ń fún un ní ìpín nínú ohun tó bá kó jọ. Bí owó kò bá pé, òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ níyà. Bí wọ́n ṣe gbé Alába Ìdá, ìyàwó Alákétu Onyegen, ga ní Kétu nìyẹn, tó di ẹni tó ń bá wọn pàṣẹ fún ìlú. N kò ní í da ẹ̀bi gbogbo rù ú. Ẹni tí kò bá tètè san, ajẹ́lẹ̀ Faransé lágbára láti tì í mọ́lé fún ọjọ́ 15, tàbí kó ní kó san owó ìtanràn tó tó franc 100, láìgbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Òfin yìí wà nílẹ̀ títí di 1946.

Lẹ́yìn owó, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tún kù. Wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin lọ la ọ̀nà mọ́tò, wọ́n ń kó wọn ru ẹrù òyìnbó. Ogun 1914 wá bẹ́ sílẹ̀, ó di pé wọ́n ń ka ọmọkùnrin láti kó wọn lọ jagun nílẹ̀ Faransé. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un: àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ìjà ko Faransé láàárín 1914 sí 1916, nínú ilẹ̀ amọ̀ wọn tí àlejò kò lè rìn lásìkò òjò. Faransé ṣẹ́gun wọn níkẹyìn. Àtìgbà náà, ẹsẹ̀ nìkan ni ohun ìjà tó kù fún wọn.

Ẹni tó bá rò pé mò ń gbè sẹ́yìn ará ilé mi, kó gbọ́ ti ẹnu ọ̀gá àwọn Faransé. Gómìnà àgbà wọn fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Joost van Vollenhoven, kọ̀wé sí Paris ní 1917 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú kíkó èèyàn lọ sógun. Lára ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni bí àwọn èèyàn ṣe ń tú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀, ló bá kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1918. Gómìnà tó mọ̀ pé sísá ni wọ́n ń sá kò pè é ní ojúkòkòrò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ owó kòkó tó bí òǹkọ̀wé yín nínú. Ṣáájú ogun 1914, pọ́n-ùn kan jẹ́ nǹkan bíi franc 25. Nígbà tó fi máa di 1928, ó ti lé sí nǹkan bíi franc 124. Alágbàṣe tó gba ṣílè kan lóko kòkó níhìn-ín ní 1914, bó bá ṣẹ́ ẹ sí owó ọ̀hún, franc kan lé díẹ̀ ni. Ní 1928, ṣílè kan náà ti di franc 6. Bàbá tó ní orí mẹ́sàn-án láti san owó lé lórí, níbo ni kó ti lọ wá a? Ṣé nínú oko iṣu tirẹ̀ ni, àbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń san ṣílè ní ìwọ̀n ìrìn ọjọ́ kan? Ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́kọ́ ní í lọ́kàn láti dúró. Bí wọ́n bá kórè tán, wọ́n á wọ Nàìjíríà wá, wọ́n á ṣe lébìrà, wọ́n á kó owó padà lọ san án, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ìgbà tó wá di pé ohun tí wọ́n ń rù lọ sílé kò tó ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìyàwó àti ọmọ tẹ̀lé wọn, tí ahéré di abà, tí abà di abúlé. Àwọn tó ní ìbátan ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ìlárá kò tilẹ̀ ka ara wọn sí ẹni tó kúrò nílùú. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni wọ́n lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń yin Gẹ̀ẹ́sì o. Owó orí náà ni wọ́n kó dé Abẹ́òkúta ní 1918, ṣílè 5 fún ọkùnrin, ṣílè 2 àti sísì fún obìnrin, tó di Ogun Adúbí. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà, ìjọba sì da àwọn ṣójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé bo àwọn ará oko, tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn fi kú. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú tó bọ́ lọ́wọ́ ti wọn, tí Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Nítorí náà, ẹni tó sá fún owó orí lọ́hùn-ún, ó bá owó orí níhìn-ín. Kàn jẹ́ pé èyí ṣeé san jùyẹn lọ ni, kò sì sí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láti fi ṣe ṣójà ní túláàsì. Gẹ̀ẹ́sì kò sì lé wọn padà, nítorí wọ́n rí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ oko tí yóò tún san owó orí.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 1932, Faransé pín ilẹ̀ Upper Volta, tó di Burkina Faso lónìí, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kún Ivory Coast kí àwọn olóko ibẹ̀ lè rí lébìrà kó. Ó di 1947 kí wọ́n tó dá a padà. Àwa là ń ṣe bí ẹni pé ìfẹ́ inú wọn ni gbogbo rẹ̀.

Mo gbà pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ nípa ìjà ilẹ̀. Àwọn kan ń tẹ́ oko kọjá ibi tí wọ́n fún wọn, àwọn kan kò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́, àwọn baálẹ̀ tiwa náà sì ń ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì. Àwọn kan tún wà tó dé láyé epo rọ̀bì, lẹ́yìn 1970, tó jẹ́ pé adùn náírà ló fà wọ́n lóòótọ́. Kó dárúkọ ìyẹn bó ṣe rí, kó má sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń gbá kòkó jọ níhìn-ín láti ayé owó orí Faransé. Ó ya mí lẹ́nu pé Yorùbá ló ń kọ irú èyí. Ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ṣé kì í ṣe àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà ló ń sáré di ẹrù? Èdè tí wọ́n fi bá wọn wí lọ́jọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àròkọ yìí: ẹ tẹ̀lé owó wá, ẹ máa lọ.

Olóòtú, òǹkọ̀wé náà ṣèlérí apá kejì. Kó tó kọ ọ́, kó wá sí Ìlárá, kó bèèrè ọ̀rọ̀ ní ìhà méjèèjì ààlà. Kó sì sọ fún àwọn tó pè ní àjèjì pé kí wọ́n kó rìsíìtì owó orí jáde, torí àwọn àgbàlagbà kan ṣì tọ́jú ti bàbá wọn pa mọ́ nínú àpótí. Kó ka ọdún tó wà lára rẹ̀ àti orúkọ ìlú tí wọ́n ti san án, kó sì kọ ohun tó bá rí níbẹ̀ síwèé.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Alákétu,
Ìmẹ̀kọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn.