Ìyá Ìbejì, gbọ́ orin àwọn ará Hull yìí ná

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lo wà, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Mo gbọ́ fóìsì nóòtù tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo gbọ́ ọ tán pátápátá, mo tún padà síbi tó o ti ń sọ pé Hull tó o wà ní England níbẹ̀ ti sú ọ, pé òtútù ibẹ̀ kọjá sísọ, pé èèyàn kì í kí èèyàn, pé àwọn oyinbo ò tiẹ̀ ní orin kankan tó jẹ́ tiwọn, gbogbo ẹ̀ kàn jẹ́ ariwo gìtá. Ti òtútù, mi ò lè bá ọ jiyàn, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti orin yẹn, rárá o, mi ò gbà fún ọ, torí pé inú Hull tó o wà yẹn gan-an làwọn tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí ti jáde, àtìgbà tí mo sì ti gbọ́ wọn ni mi ò ti ráyè orin míì mọ́.

The Watersons lorúkọ wọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta ni wọ́n, Norma tí wọ́n bí ní 1939, Mike ní 1941, Lal ní 1943, wọ́n wá mú ìbátan wọn kan mọ́ra, John Harrison, wọ́n di mẹ́rin. Bàbá wọn kú, ìyá wọn kú, wọ́n ṣì kéré nígbà yẹn, ìyá àgbà ló tọ́ wọn dàgbà. Mi ò tíì gbọ́ orin kankan lẹ́nu wọn tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára, torí ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ lèmi náà, o mọ ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, kò sí alẹ́ tí wọn kì í kọrin níbẹ̀ ká tó sùn. Ohùn àwọn tó ti ń kọrin pọ̀ nínú ilé kan náà láti kékeré, ọ̀tọ̀ ni. O lè ṣe rìhásà títí ilẹ̀ á fi mọ́, o ò ní rí irú ẹ̀.

Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1965, Frost and Fire ni wọ́n pè é, Topic Records ló gbé e jáde, Bill Leader ló gba ohùn wọn sílẹ̀. Orin 14 ló wà nínú ẹ̀. Kò sí gìtá, kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ẹnu lásán ni wọ́n fi kọ gbogbo ẹ̀.

Ìwọ tá a jọ kọ áltò ní kwáyà, fetí sílẹ̀ dáadáa síbí. Àwa, wọ́n á kọ sólfà síwájú wa, tirẹ́búlù ní tiẹ̀, áltò ní tiẹ̀, tẹ́nọ̀ ní tiẹ̀, báàsì ní tiẹ̀, ẹni tó bá kúrò ní ààyè ẹ̀, ọ̀gá kwáyà á fi ojú bá a wí. Àwọn wọ̀nyí ò pín in bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè jọ máa bọ̀ lórí ohùn kan ṣoṣo, tó bá wá ku díẹ̀ kí ìlà orin parí, ohùn á kàn là, ẹnì kan á gbà òkè lọ, ẹnì kan á sọ̀kalẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀ wọ́n ti tún pàdé. Ohùn Norma nípọn, ó tóbi, ti Lal mú ṣáṣá, o ò lè ṣi ọ̀kan gbé fún ìkejì, síbẹ̀ tí wọ́n bá pa pọ̀ o ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Kò sí ẹni tó ń wá bí wọ́n á ṣe gbọ́ ohùn tiẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ.

Àwọn ìyá wa ní Èkìtì ni mo rántí. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, tẹ́nì kan bá lé orin, ohùn kan náà làwọn tó kù fi ń gbè é. Àwa Èkìtì àtàwọn Ìjẹ̀ṣà, ohùn méjì la fi ń gbè é, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀, torí tí wọ́n bá ya ara wọn, ohùn ọ̀rọ̀ á dàrú, ohun tí wọ́n ń wí ò ní yé èèyàn mọ́. Kò sì sí oyinbo kankan tó kọ́ wọn. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ti àwọn ará Hull yìí ni pé tiwa, tí ẹni ìsàlẹ̀ bá mú dò, mí lẹni òkè máa mú, ó máa ń rọ̀ létí. Tiwọn, sóò ni wọ́n fẹ́ràn láti mú, kò sí mí yẹn láàárín tó máa bá wọn tù ú lójú, ohùn á wá le, á gbẹ, ara èèyàn á bù máṣọ. Mo ti ń bá ọ̀gá kwáyà wa sọ ọ́ pé ká dán irú ẹ̀ wò, kò tíì dá mi lóhùn.

Ìtàn inú orin náà wá ńkọ́! Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní John Barleycorn. Ọkùnrin mẹ́ta ló wá láti ìwọ̀ oòrùn, wọ́n búra pé John Barleycorn gbọ́dọ̀ kú. Wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní ó parí fún un. Òjò rọ̀, ló bá yọrí jáde, ẹnu ya gbogbo ayé. Ó ń dàgbà bọ̀ títí ó fi hu irùngbọ̀n, ó di géńdé. Wọ́n wá pe àwọn onídòjé, wọ́n gé e ní orúnkún, wọ́n dì í, wọ́n fi igi lù ú títí awọ fi bó lára ẹ̀, ẹni tó ni ọlọ tiẹ̀ wá burú ju gbogbo wọn lọ torí àárín òkúta méjì ló ti lọ̀ ọ́. Àánú ẹ̀ á máa ṣe ọ́, àfi ìgbà tó o bá rí i pé ọkà báálì ni wọ́n ń sọ látàárọ̀, èyí tí wọ́n fi ń pọn bíà! Ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ni pé ó di ọtí nínú abọ́, òun ló wá lágbára ju gbogbo wọn lọ, ọdẹ ò lè ṣọdẹ láìmu ún, ẹni tó ń tún ìkòkò ṣe ò lè fọwọ́ kan ìkòkò láìmu ún. Ká ní àwa la ni ín, a ti pariwo àlọ̀ọ̀ kí apàlọ́ tó la ẹnu. Wọn ò sì fi ohùn sunkún rárá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọ́n kàn ń to ọ̀rọ̀ náà lọ ní títò, gbogbo ìyà tó jẹ ọkùnrin yẹn, ohùn kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí tó jẹ́ kó dùn mí nìyẹn.

Òmíràn tún wà nípa ọba Hẹ́rọ́dù. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti bí ọba kan, ó ní irọ́ ni, pé tó bá jẹ́ òótọ́ kí àkùkọ tí wọ́n ti sun tó wà nínú àwo yìí kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àkùkọ tí wọ́n ti sun o! Ló bá hu ìyẹ́, ó dìde nínú àwo níbẹ̀, ó kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí nínú Bíbélì, orin àwọn ará ìgbèríko wọn ni.

Bí ọdún ṣe ń yí ni wọ́n ṣe to orin náà, orin ìgbà òtútù ló bẹ̀rẹ̀, ó gba Àjíǹde kọjá, ó dé oṣù May, ó dé ìkórè, ó dé ìgbà tí wọ́n ń rántí òkú, títí ó fi tún padà sí Kérésì. Púpọ̀ nínú ẹ̀, orin tí wọ́n fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ni, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà èèyàn, wọ́n á súre fún onílé, onílé á fún wọn ní oúnjẹ tàbí ọtí tàbí owó. Ta ni mo rántí, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ìyá ìbejì? Ohun tí àwọn ìyá ìbejì àtijọ́ ń ṣe lọ́jà náà nìyẹn, wọ́n á gbé ọmọ sílẹ̀ wọ́n á gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n á jó, wọ́n á kọrin, aráyé á fún wọn lówó. Ìwọ tó o ní àwọn oyinbo ò ní nǹkan kan!

Wọ́n tú ká ní 1968, Norma lọ ń ṣiṣẹ́ rédíò ní Montserrat, erékùṣù kan ní Caribbean, wọ́n tún kóra jọ ní 1972, Martin Carthy, olórin ilẹ̀ England tó fẹ́ Norma, wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Eliza ọmọ tí wọ́n bí náà ń kọrin, ó tún ń ta gòjé oyinbo. Lal kú ní 1998, Mike ní 2011, Norma ní oṣù January 2022.

Ilé ọtí kan wà ní Hull níbẹ̀, Ye Olde Blue Bell, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀, Folk Union One. Mo mọ̀ pé o kì í mu ọtí, ṣáà yà síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ò bá lọ síbi iṣẹ́, mu mínírà, bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ṣì ń kọrin.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé orin ìyá àgbà mi, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀, mo mọ ègbè ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n lílé ẹ̀ ti lọ. Mo ti wá ń gbé fóònù lọ bá àwọn ìyá tó kù ní àdúgbò wa, mo ń gba tiwọn sílẹ̀. Orin tí ìyá ẹ fi máa ń rẹ àwọn ìbejì lẹ́kún nígbà tó wá bá ọ tọ́jú wọn lẹ́yìn tó o bímọ ńkọ́, èyí tó ní ohùn méjì yẹn? Jọ̀ọ́, kọ ohùn ìsàlẹ̀ sórí fóònù kó o fi ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, màá kọ tòkè lé e. Má gbàgbé ìlà kejì, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣìnà.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Dátà mi ti fẹ́ tán, màá fi àwọn orin náà ránṣẹ́ lálẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ láti Ìkẹ́rẹ́.