Ìdáwó fún Àtúnṣe Odò Wa: Ọ̀nà Agégi Ni Ká Kọ́kọ́ Mú

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o.

Àwọn ìṣàn tó ń wọ Odò Ọbà ti di ẹlẹ́rẹ̀. Àwọn agégi àtàwọn tó ń sun èédú ti gé àyìn, apá àti igi òrí tó wà ní bèbè tán. Ọ̀nà tí ọkọ̀ agégi là gba orí òkè wá tààrà sínú omi, bí òjò bá ti dé, ọ̀nà náà á di odò. Ẹ bu omi ìṣàn sínú ìgò lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ tó bá sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò yẹn ló ń lọ dí ibi tí wọ́n sé Odò Ọbà sí, tí omi ẹ̀rọ ìlú ti ń wá.

Ẹja ló ń jìyà ẹ̀ jù. Àrọ̀ tó ti dàgbà lè fara da omi ẹlẹ́rẹ̀ torí ó máa ń yọrí mí, àmọ́ ẹyin rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà àkúnya ló ń yé sínú koríko etí odò, ẹyin á lẹ̀ mọ́ ewé, á sì pa ní bíi wákàtí 24 sí 36. Bí ẹrẹ̀ bá bò ó kó tó pa, ó kú nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ẹja salmon ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, tó ń yé sáàárín òkúta wẹ́wẹ́: ẹrẹ̀ ọ̀nà agégi dí àlàfo òkúta pa mọ́ ẹyin lórí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n tún ń kó igi tó wó sínú omi kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ó ń dínà mọ́ ẹja. Ní báyìí, owó ni wọ́n fi ń kó igi padà sínú odò, torí ìdí igi ni omi ti ń jìn, tí ẹja ń sá sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ́ igi tó ṣubú sínú ìṣàn wa jáde, àfi èyí tó bá dí ojú kọ́fáàtì.

Ọ̀pọ̀ yín ní ká gba katapílà láti kó ẹrẹ̀ inú odò. A ò ní gbà á. Ẹrẹ̀ tó bá kó á padà kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dá, bèbè tó bá sì fẹnu kàn á máa ya.

Orí òkè la ó ti bẹ̀rẹ̀. A ó kọ ebè gígùn dábùú ọ̀nà agégi, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó dagun díẹ̀ kí omi lè yà sínú igbó. Níbi tí omi ti gbẹ́ kòtò, a ó to òkúta sé e níbi 12. Gíga rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, ká sì ri etí rẹ̀ wọnú bèbè. Bí àárín bá bá ẹ̀gbẹ́ dọ́gba, omi á yí i po, á gbẹ́ bèbè lọ. Ibí yìí ni irú iṣẹ́ báyìí ti máa ń bàjẹ́ jù. Orí ìsé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìdí ti òkè dọ́gba. A ò ní lo àpò iyanrìn, oòrùn á fà á ya.

Tí òjò bá ti múlẹ̀, a ó gbin vetiver, ìyẹn koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń jìn wọlẹ̀, tó ń di ilẹ̀ mú, ìdì kan sí èkejì sẹ̀ǹtímítà 15. Mítà 300 ń fẹ́ ìdì 2,000. Ìyeyè àti akòko la ó fi ṣe igi bèbè, torí ọ̀pá wọn ń hù: mítà kan àtààbọ̀, kí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan wọlẹ̀, kí ìdí ọ̀pá sì wà nísàlẹ̀.

Òkúta tipa tọ́ọ̀nù 5 mẹ́jọ, koríko àti owó òṣìṣẹ́ la ń dáwó lé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé ₦5,000, tẹ̀yìn odi ₦25,000. Ẹni tó bá ní tipa tàbí ilẹ̀ tí òkúta wà lè fi ìyẹn rọ́pò owó. Ẹ san án fún akápò ẹ̀ka yín kí oṣù Kejìlá tó parí, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì, torí oṣù Kìíní sí Ìkẹta nìkan ni tipa lè dé ibẹ̀ láì rì.